Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì

Fídíò tí ìyàwó kan ń tò fún ilé ìwé kan kù díẹ̀ kó parí nígbà tí kọ̀ǹpútà tún kú pátápátá. Ó káwọ́ lérí, ó mí kanlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ náà jọ, kò sì sí àlejò tí kì í fi í yangàn fún. Àmọ́ látìgbà tó ti ki káàdì ńlá kan tó ń gbé àwòrán jáde bọ̀ ọ́ nínú, torí géèmù, ni ẹ̀rọ ti di àbíkú: á kú, á jí, á tún kú.

Ìyàwó ní kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọkọ kọ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó fi ètò tó ń pa fáírọ́ọ̀sì fọ inú rẹ̀ mọ́, ó tún kú. Ó ní iná ilé ni, bẹ́ẹ̀ fíríìjì tó wà lójú iná kan náà kò kú rí. Sùúrù ìyàwó tán.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó bá ọkọ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń tú síkúrù àpótí irin tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Ọkọ ní òun ti yọ ọ́ lára iná. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin, olùkọ́ iṣẹ́ mànàmáná, wọlé bá wọn.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Bó o tiẹ̀ yọ ọ́, iná ṣì lúgọ sínú rẹ̀. Ó lè pa ọ́."

Ọkọ rọra gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n béèrè ìgbà tó máa ń kú.

"Bíṣẹ́ bá ti wúwo fún un ni, ẹ̀gbọ́n mi," ìyàwó dáhùn. "Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí."

Wọ́n wo fáànù: ó ń yí, eruku kò dí i. Ẹ̀rọ kò gbóná jù. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n dá káàdì àtijọ́ padà. Fídíò náà parí, kọ̀ǹpútà kò kú.

"Ẹrù erin lo gbé ka ewúrẹ́ lórí, àbúrò," ó ní. "Àpótí iná yìí kò lè gbé káàdì tuntun yẹn."

Wọ́n ra àpótí iná tó lè gbé e, ojúlówó, kọ̀ǹpútà kò sì kú mọ́. Ìyàwó kò fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń kú lójijì, ẹ tètè tọ́jú iṣẹ́ yín síbòmíràn. Ẹ kíyè sí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó kú. Ẹ wo fáànù àti eruku, kẹ́ ẹ sì rí i pé àpótí iná tó ẹrù tẹ́ ẹ dì lé e. Bó bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tú u láé. Ẹ̀rọ tó kú ṣeé rà padà. Ẹni tí iná bá gbé lọ, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á.