Igbe Àǹtí Kẹ̀kẹ́

Ẹni tí yóò fẹ́ Àǹtí Kẹ̀kẹ́ nà gbalaja sílẹ̀ yàrá ìdánwò, ó rin gbingbin fún òógùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti kú ni?"

"Òkú kì í béèrè ọ̀rọ̀. Dìde, padà gun kẹ̀kẹ́, kí o rọra máa wà á kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ lè rọ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn kì í kúrò lójú kan. Wọ́n á wo bí eléré ìdárayá ṣe wúwo tó, wọ́n á gbé irin tó bá a mu kọ́ kẹ̀kẹ́ kí wíwà rẹ̀ lè le, òun á sì wà á tagbára-tagbára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá péré. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ agbára kankan kù. Kọ̀ǹpútà á wá sọ agbára tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí èémí tó ráyè ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ Àǹtí Kẹ̀kẹ́ ni láti máa pariwo pé, "Wà á! Má dẹwọ́!" Òfin sì ni pé igbe kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbọ́.

Sárésáré ni ọkùnrin yìí, Ẹsẹ̀-Ò-Gbélẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Lóṣù mẹ́ta, kò sí àwáwí tí kò wá débẹ̀. Lónìí, ó gbàgbé ike omi. Lọ́la, ó fẹ́ tún èsì rẹ̀ wò. Wọ́n ní oyún kò ṣeé fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ikọ̀ tó ń lọ díje lókè òkun, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jẹ́jẹ́, ló sì ń du ú. Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, Àǹtí pariwo bí ìṣe rẹ̀. Ó kan Ẹsẹ̀-Ò-Gbélẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kọṣẹ́, Àǹtí sì gbàgbé ara rẹ̀.

"Olówó orí mi, má dójú tì mí! Ó kù díẹ̀, ọkọ mi!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ tó ti ń kú jí, ó sì fi díẹ̀ báyìí ju Jẹ́jẹ́ lọ.

Inú Àǹtí dùn títí ó fi délé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó wọlé tọ Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Sà, ìdánwò àná kò dọ́gba. Ohun tí mo fún ọ̀kan, n kò fún èkejì."

"Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ kẹta. Bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló pariwo fún àwọn méjèèjì, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. Jẹ́jẹ́ ló borí.

Ẹsẹ̀-Ò-Gbélẹ̀ kàn sọ fún Àǹtí pé, "O ṣeun," ó sì gbé báàgì rẹ̀. Fún odidi oṣù kan, kò wá, kò pè. Àǹtí máa ń wọ yàrá ìkẹ́rù lọ sunkún. Ó dùn ún wọra. Síbẹ̀, kò kábàámọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan wọlé: ìyá ọkùnrin náà. Àǹtí kúnlẹ̀ kíákíá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ mi. Inú bí mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí. Ẹni tó lè tú àṣírí ara rẹ̀ torí ọmọ ọlọ́mọ kò ní rẹ́ ọmọ tèmi jẹ. Ọpẹ́ ni mo wá dú."

Ọmọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Àyànfẹ́, ìbínú ni mo fi dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Tòní tọkàn wá. Jẹ́jẹ́ gba ipò kẹta lọ́hùn-ún. Ká ní èmi ni mo lọ, àyè ẹni ẹlẹ́ni ni ǹ bá gbà, mi ò sì ní mọ̀ láéláé. Ìwọ lo yọ mí." Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé wàá fẹ́ mi, èmi tí mo ṣe ipò kejì?"

"Màá fẹ́ ọ," ni Àǹtí wí, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Àní bó o bá ṣe ìkẹyìn pàápàá."

Ìyá ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti yọ téèpù jáde nínú báàgì, ó ń wọn èjìká ìyàwó.