‘Ẹ Máa Bọ̀’ Kì Í Kún Bátìrì

Bí iná ọba bá fẹ́ dójú ti èèyàn, ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ gan-an ló máa ń yàn. Akínbíyìí, tó ń fi mọ́tò oníbátìrì gbé èrò ní Bódìjà, kò rí iná kó sínú mọ́tò rẹ̀ mọ́jú. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló sì yẹ kí ó gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ìyá ti Ṣakí wá, ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ yìí. Wọ́n sì ti kìlọ̀ ní ọsibítù pé ẹni tó bá pẹ́ dé, wọn á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ó pe Mánsúrù, tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì mọ́tò ní Challenge. Ó ṣàlàyé fún un pé ìyá wà lọ́wọ́ òun.

“Ẹ máa bọ̀, sà,” ni Mánsúrù wí. “Ó ń ṣiṣẹ́.”

Òun àti ìyá rọra wọ́ débẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba iná tó kù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáájì náà dúdú kirimú, wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀rá bò ó lórí. Mánsúrù dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó máa tó tàn. Wọ́n dúró títí oòrùn fi ràn. Nígbà tí wọ́n fi wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n dé. Ìyá kàn ní kí wọ́n fi òun síbi tí òun á ti jókòó.

Akínbíyìí padà wá gbé mọ́tò rẹ̀. Ó bá Ràṣídátù, tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, nídìí iṣẹ́. Obìnrin náà béèrè bóyá ó ti pe àwọn tó ń tún un ṣe rí pé ó bàjẹ́. Akínbíyìí ní òun rò pé wọ́n ti mọ̀.

“Gbogbo ẹ̀yin awakọ̀ lẹ rò bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ ó dé, ẹ ó pòṣé, ẹ ó lọ. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.”

Mánsúrù dorí kodò. “Mi ò lè máa fi ‘kò ṣiṣẹ́’ kí àgbà láàárọ̀.”

“Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn,” ni Ràṣídátù dá a lóhùn. “Irọ́ tó dọ̀bálẹ̀ ni.”

Ó rẹ Akínbíyìí débi pé kò lè bínú.

Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún ìyá. Nígbà tó ku ọ̀la, Akínbíyìí tún pe Mánsúrù.

“Kò tún ṣiṣẹ́ mọ́, sà. Ẹ má wá. Mo ti pe àwọn tó ń tún un ṣe.”

Akínbíyìí súre fún un, ó lọ bẹ aládùúgbò tó ní mọ́tò elépo. Ìyá ló kọ́kọ́ dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin onímọ́tò oníbátìrì, ẹ má jẹ́ kí iná yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ tó wá òmíràn. Ẹ má béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó lò ó láàárọ̀ yìí. Bó bá bàjẹ́, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kódà bí ẹni mẹ́wàá bá ti débẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ̀yin tó ni ẹ̀rọ, ẹ tètè máa tún un ṣe. Ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ọ, ẹ sọ òótọ́ fún àgbà. Ojú ìyá ẹlòmíràn lè wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀.