Ẹsẹ̀ Tí Ó Gun Àtẹ̀gùn

Ilé ìwòsàn kan ní Ìkòtún ni ó fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá: Hàbíbátù, aránṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá nínú bọ́ọ̀sì tí ó dojú dé ní Ìjẹ̀gùn, ti gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ àwọn adójútòfò, kò sì san kọ́bọ̀ nínú owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ínsípẹ́kítọ̀ Olúbọ̀dé bá a lórí ẹní ní Ẹgàn, ní àgbàlá Bàbá Sùrájù tí ń to eegun. Òórùn egbò ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Owó wo, ọ̀gá?" ni Hàbíbátù wí. "Ilé ìwòsàn ní àwọn kò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yìí mọ́ àfi kí n kọ́kọ́ san gbèsè; bí ó bá sì pẹ́ sí i, gígé ni. Ṣé olówó ni yóò dùbúlẹ̀ síbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rà?"

Wàsílátù àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọra bí ìbejì, ń fi òrí pa itan rẹ̀. "Ẹ lọ mú awakọ̀ jàre! Ẹni tí à ń bá ná ọjà ni à ń wò, a kì í wo ariwo ọjà."

Adìẹ kan ń tiro kọjá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, èyí ńkọ́?" ni Olúbọ̀dé bi í.

"Ọjọ́ tí mo to eegun rẹ̀ ni mo kán ti adìẹ, mo sì dì í. Bí adìẹ kò bá rìn, aláìsàn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí ni adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ti ènìyàn ni kò gbọ́ oògùn."

Ní Ẹgbẹ́dá, Dáníẹ́lì, akọ̀wé àwọn adójútòfò, yọ ìwé jáde. "Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá, tí ó sì tẹ̀ka, lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí. Ó gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta, kò tilẹ̀ di irin mú! Mo ní, 'Àǹtí, Ọlọ́run yín kì í sùn o.'"

Ọ̀rá ti ta bá ìwé náà. Olúbọ̀dé gbé e símú: òrí.

"Dìde, ká jọ lọ kí i."

Wàsílátù ń sá aṣọ nígbà tí wọ́n dé Ẹgàn. Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Hàbíbátù! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Wàsílátù.

"Ẹni tí à ń bá ná ọjà ni mo wò," ni Olúbọ̀dé wí. "Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gba owó, adìẹ kò rìn títí di ọjọ́ kẹtàlá. Ẹni tí ó gun àtẹ̀gùn ní ẹsẹ̀ méjì tí ó dá ṣáká, ó ní òrí lọ́wọ́, ó sì ní ojú Hàbíbátù. Ìwọ ni ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ. Owó dà?"

"Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbà ní Gowon Estate, kí ẹ̀gbọ́n mi má baà máa gun òkè ilé wa mọ́. Bí mo bá sọ fún un, ilé ìwòsàn ni yóò ní kí n kó o fún." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ejẹ́ńtì ilé gba tèmi, ó gba ti ẹni mẹ́fà mìíràn mọ́ ọn. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́."

Hàbíbátù kò sunkún. "Ọ̀gá, bí ẹ bá mú un lọ, ta ni yóò gbé mi dé ilé ìgbẹ́ lówùúrọ̀ ọ̀la?"

 Olúbọ̀dé ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Wàsílátù gbé àwo òrí sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè tó, ó sì wọlé sínú ọkọ̀. Adìẹ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.