Okùn Funfun Inú Àwòrán Monínúọlá

Ojú mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ẹni tó bá ní mò ń ṣarán, kó lọ bi àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà l'Adó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn.

Ọmọ ọmọ mi méjì ni mo sìn wá láti Ìyìn. Kíndìnrín Olúwarótìmí méjèèjì ti kú. Oṣù márùn-ún nìyẹn tí ìtọ̀ kan ò ti kán lára rẹ̀. Wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ara rẹ̀ kò sì fẹ́ gbà á mọ́. Monínúọlá, àbúrò rẹ̀, ló fẹ́ fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú Monínúọlá, kí àwọn rí kíndìnrín rẹ̀ àti ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà.

Rótìmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu.

"Rọra o," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Má fi ohun ìní mi ṣeré níbẹ̀."

"Ohun ìní ta ni? Mi ò tíì gbé e fún yín. Bọ̀dá ọ̀kánjúwà!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Monínúọlá máa ń bẹ̀rù ibi tó há. Ràṣídátù, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, ní kí n jókòó ti òun lẹ́yìn gíláàsì, kí n máa fi máìkì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń ró gbà, gbà, gbà, bí ẹni ń fi òòlù lu páànù.

"Mí sínú. Dá a dúró," Ràṣídátù ní.

Gbà, gbà, gbà.

"Ó yá, mí."

Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

Àwòrán yọ. Kíndìnrín méjì, wọ́n dára. Okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ já wálẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìtọ̀ nìyẹn, Màmá."

Ti ọ̀tún wọ inú àpò ìtọ̀. Ti òsì kò wọ̀ ọ́. Ó yà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí jáde.

"Jáde lọ síbo?" mo bi í.

Ràṣídátù mú kí àwòrán náà tóbi sí i. Okùn náà ti kúrò lára ọmọ náà pátápátá. Inú afẹ́fẹ́ ló wà, ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń nípọn, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń nípọn, bí ọ̀fun ẹni tó ń gbé nǹkan mì. Itọ́ kíkorò kún ẹnu mi. Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Ìríra ni.

Òórùn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Òórùn ìtọ̀ tó ti bà. Ó ń ta sí imú.

"Ta ló tọ̀ síbí?" ẹnì kan kígbe níta.

Mo sáré jáde. Rótìmí jókòó síbi tí mo fi í sí, ojú rẹ̀ pa dé, ẹnu rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ bí ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú. Ìtọ̀ ń ṣàn láti inú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. Kò dá. Àwọn èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Rótìmí!"

Ó lajú. Ó lá ètè rẹ̀.

"Màmá, ó dùn."

Dókítà tó wo àwòrán náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ṣé ìbejì ni wọ́n?"

"Rárá. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn."

Mi ò sọ ìyókù. Èmi ni mo ri ibi àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn. Kí wọ́n tó bí Monínúọlá, bàbá wọn ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá, ilẹ̀ kékeré kan ló kù lẹ́yìn ilé. Mo gbẹ́ ẹ. Mo kan ìkòkò tí mo fi ri ibi Rótìmí. Inú rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí ajá lá. Ó rẹ̀ mí, òjò sì ń ṣú. Mo da ti ọmọbìnrin náà sínú rẹ̀, mo bò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún àwòrán náà yà. A fi Rótìmí sílé. Okùn méjèèjì wọ àpò ìtọ̀, kò sí àbùkù kankan. Wọ́n ní ó lè fún un. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, Monínúọlá kò tíì tọ̀. Kò wú, kò sì sí ibi tó ń dùn ún. Rótìmí ń tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń búra pé kíndìnrín rẹ̀ ò sọjí. Rótìmí ti sanra. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ la àbúrò òun mọ́.

Lánàá, Monínúọlá pè mí lórí fóònù láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Adó. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ Bọ̀dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo wo Rótìmí lórí àga, ojú rẹ̀ pa dé, ẹnu rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́. "Oorun ló ń sùn."

"Mo mọ̀," ó ní.