Ẹ̀wù Alápá Òsì Méjì

Títún tábìlì ìgéṣọ ṣe ló gbé káfíńtà dé ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà tòun ti òòlù, ńṣe ló ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ fẹ́ rán nǹkan ni?"

Káfíńtà wo òòlù ọwọ́ rẹ̀, ó wo tábìlì tó ń mì. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wù ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá tábìlì yìí wí ná."

Ó ti kúnlẹ̀ tó ń kan ìṣó kí obìnrin náà tó rántí pé òun ló ránṣẹ́ pè é. Ojú tì í, ẹ̀rín sì pa á. Kó tó mọ̀, ó ti ń fi téèpù wọn èjìká ọkùnrin náà.

Opó ni aránṣọ, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Láti oṣù mélòó kan, ooru á kàn ṣàdédé bò ó, oorun ò gbádùn mọ́, nǹkan oṣù ń wá ìgbà tó bá wù ú. Gbogbo ìyẹn kò dẹ́rù bà á tó ọ̀rọ̀ tó ń sá mọ́ ọn lẹ́nu. Á dìde láti mú àlùmọ́gàjí, á dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, kò ní mọ ohun tó dìde fún mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á máa rìn lórí eruku ṣọ́ọ̀kì, òun náà á sì máa wò ó lọ, jẹ́jẹ́.

Inú kurukuru yẹn ni ìfẹ́ bá a. Ọ̀sán gbogbo ni káfíńtà ń yà, á ní tábìlì tún ń mì. Tábìlì kì í mì mọ́, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí káfíńtà wá gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó ní, "Ayọ̀ mi, ẹ jẹ́ ká kúkú fẹ́ra wa." Aránṣọ ní òun á rò ó, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti gbà tipẹ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló pàdé káfíńtà nínú ẹ̀wù náà ní títì.

"Mọ́mì, apá òsì méjì lẹ gé fún ẹ̀wù ọ̀gá káfíńtà."

Aránṣọ jókòó. Ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́, kò ṣe irú ẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe yín ná," ni ọmọ, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, wí. "Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, ẹ jọ̀ọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ló jọ tọ́jú ìyá aránṣọ, tí àrùn ìgbàgbé kọlù, títí tó fi kú. Nígbẹ̀yìn, bí aránṣọ bá gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, ohun tí ìyá ń sọ ni, "Ẹ ṣé o, ìyáàfin."

Nígbà tí káfíńtà dé, aránṣọ kò jẹ́ kó jókòó. "Ṣé ẹ mọ̀ pé apá òsì méjì ni?"

"Mo mọ̀. Ó ń há mi lábíyá tí mo bá gbé ayùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀ ń kọrin lábẹ́nu bí ẹ ṣe ń gbé e wọ̀ mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́."

Omi bọ́ lójú aránṣọ. "Ẹ lọ fẹ́ ẹlòmíì. Bí mo bá lọ gbàgbé yín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wò ó lójú. "Á dùn mí. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ màá wà níbẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ rí dókítà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lónírúurú ọ̀nà. Dókítà, obìnrin bíi tirẹ̀, ní kì í ṣe àìsàn ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é. Nǹkan oṣù tó ń dáwọ́ dúró ló ń da oorun àti ìrántí rẹ̀ láàmú. Ó ń ṣe obìnrin púpọ̀. Ó fún un lóògùn, ó sì ní kurukuru náà lè má tètè ká. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fẹ́ wọn."

Ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, akọ̀wé gbé bírò lé ìwé. "Orúkọ ọkọ yín ní kíkún?"

Aránṣọ lanu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbà á sọ, aránṣọ nawọ́ dá a dúró.

"Fi sílẹ̀. Ó ń bọ̀."

Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rù ò bà á. Ó ń wo ojú ọkùnrin náà, eruku igi wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Akọ̀wé fi bírò sílẹ̀. Fáànù ń yí lókè. Lẹ́yìn náà ni orúkọ náà dé, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, aránṣọ sì pè é kedere.

Káfíńtà ló máa ń pè é látọjọ́ yìí. Ọkùnrin náà kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó mú bírò, ayọ̀ gbà á lọ́kàn, ó wo ìwé títí, ó gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní kí n ṣe?"

"Ẹ buwọ́ lù ú, olólùfẹ́ mi," ni aránṣọ wí, ó sì fi ìka hàn án.