Ògiri Ìhà Àríwá

Bí Edelmira ṣe kọ́kọ́ rí i nìyí: ọmọkùnrin gíga kan ń gòkè bọ̀ láti etí òkun, ìdì pákó pẹlẹbẹ wà léjìká rẹ̀, ẹ̀wù onírun àgùntàn tó wọ̀ sì ti mu omi òjò yó títí ó fi gùn dé orúnkún.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà. "Ṣé ẹ̀wù lo wọ̀ ni, àbí àgùntàn ló gbé ẹ mì?"

"Àgùntàn ni. Ó ní kí n máa kí ẹ."

Baldomero lorúkọ rẹ̀. Erékùsù kejì ló ti wá, ó ń ta pákó tí à ń fi bo ògiri ilé bí ìpẹ́ ṣe ń bo ẹja. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ rẹ̀ kì í kọjá kó má yà. Edelmira á ti sun pòtétò sínú eérú dè é, wọn á jọ máa fa tíì nínú igbá kan ṣoṣo. Bó bá lọ tán, ilé á dà bí ìgbà tí iná kú.

Ilé ọ̀hún gan-an ló sì fẹ́ yà wọ́n. Ògiri ìhà àríwá ti jẹrà, ibẹ̀ sì ni òjò ìgbà òtútù ti ń wá ní Chiloé, erékùsù wọn. Ìyá Edelmira ti kú. Bàbá rẹ̀, Eleuterio, ti darúgbó, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ká kò bí gbòǹgbò igi. Bàbá ní bí wọn kò bá rí ògiri yẹn dí kí òjò tó dé, ọ̀dọ̀ ọmọ òun ọkùnrin tó wà lódìkejì òkun ni àwọn méjèèjì ń lọ, ó di gbéré.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ àwọn ará àdúgbò lọ́wẹ̀, Bàbá."

"Kí n wá fi kí ni san án? Ẹni tó bá bá mi kan ìṣó lónìí, mo gbọ́dọ̀ bá a kàn án lọ́la. Bí àáró ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ yìí ńkọ́, ṣé ó lè di òòlù mú?"

Bẹ́ẹ̀, ẹni tí onílé kò bá pè síṣẹ́ kì í lọ. Ìwọ̀sí ni fún onílé.

Baldomero gbọ́, ìfẹ́ sì gbé e gun àkàbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìró òòlù ni bàbá gbọ́ lára ògiri.

"Sọ̀ kalẹ̀! Ta ló pè ọ́? Ṣé wọ́n ní mo ti ń ṣagbe ni?"

Baldomero wo ojú Edelmira.

"Máa lọ," ni Edelmira wí, omi lójú rẹ̀. "O dójú ti bàbá mi."

Ó lọ. Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti àríwá. Edelmira tú bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó ń ki irun àgùntàn inú rẹ̀ bọ àwọn ojú ihò ara ògiri. Bó ti ń dí ọ̀kan, atẹ́gùn ń gba òmíràn wọlé. Bàbá jókòó ti iná.

Ìgbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Baldomero ni, kò mú òòlù wá, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo gun àkàbà yín kí n tó kan ilẹ̀kùn yín."

"Kí lo wá ń fẹ́ báyìí?"

"Ìbéèrè ni. Ṣé ọmọ máa ń gba àáró lọ́wọ́ bàbá ẹ̀?"

Bàbá fi ẹsẹ̀ ti igi sínú iná. "Kì í gbà á," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí ṣe ọmọ."

Bàbá yíjú sí Edelmira, tí irun àgùntàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tí èèyàn yìí ń wí?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ̀wù ẹ̀ yẹn mà ti gùn jù. Ó yẹ kí ẹnì kan máa wà nílé tí yóò bá a gé e."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní, "Òòlù mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ni kó o lò."

Ní ọjọ́ kejì, tí ìjì rọlẹ̀ díẹ̀, Edelmira ń na pákó sókè, Baldomero ń gbà á, ọwọ́ wọn kì í sì tètè jára wọn sílẹ̀. Bàbá jókòó sórí kùkùté, ó fi ìbora bo èjìká, ó ń darí wọn.

"Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀," ló ké sókè. "Ìsàlẹ̀, ọmọ mi."