Ibòòji Igi Tí Wọ́n Ti Gé

Dígí ń sáré bọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo orí láìjẹ́ kí wọ́n kàn án. Atẹ́gùn ti gba agboòrùn rẹ̀ lọ. Dókítà tó fa irun lẹ́yìn orí rẹ̀, tó gbìn ín síwájú tó pá, ti kìlọ̀ pé oòrùn ò gbọdọ̀ pa á títí ọgbẹ́ yóò fi jiná.

Kápẹ́ńtà òrùlé ni. Torí orí rẹ̀ tó ń dán lókè páànù làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é ní Dígí. Ẹni tó ń ṣe ibòòji fún gbogbo ayé ló wá ń sá kiri.

Ó rí ibòòji kan nínú àgbàlá tó ṣí sílẹ̀, ó kó wọ ibẹ̀. Ó tutù rinrin. Òjìji ewé ń mì lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ti dá. Ó gbójú sókè. Kò sí igi. Kùkùté ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán fìlà.

"Ẹ má bẹ̀rù," ló wí. "Ìyá mi ló gbìn ín. Ìgbà tó kú ni bàbá mi gé e. Igi lọ, ibòòji rẹ̀ ò lọ. Àwọn tó ń wá fẹ́ mi, ṣe ni wọ́n máa ń sá jáde. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sá wọlé." Ó wo orí rẹ̀. "Ta ló kọ ebè sí yín lórí?"

Dígí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Obìnrin náà rán fìlà fún un, èyí tó fẹ̀ létí, tí kò kan ojú ọgbẹ́. Ojoojúmọ́ ni Dígí ń wá. Òtútù náà mọ́ ọn lára.

Bàbá obìnrin náà wà lódìkejì àgbàlá, lórí àga, nínú oòrùn. Láti ọjọ́ tó ti gé igi náà, kò tẹ ibòòji yẹn rí. Nígbà tí Dígí tọrọ ọmọ rẹ̀, ó ní òun gbà, àmọ́ nǹkan yẹn gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Bí kò bá lọ, ọmọ òun ò lọ. Òun ò lè dá gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Irun hù. Dókítà ní oòrùn ò ṣe nǹkan mọ́. Aránfìlà dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Orí rẹ ti jiná. Kí lo tún wá ṣe?"

"Olólùfẹ́ mi, oòrùn ló lé mi wá. Oòrùn kọ́ ló dá mi dúró."

Dígí dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Ó ṣí fìlà, ó rọra gbé e lé bàbá lórí.

"Bàbá, ó ti tó. Oòrùn ti pa yín jù."

Bàbá di etí fìlà mú. Ó pe orúkọ aya rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Nígbà náà ni ibòòji náà gbéra. Ó fà la àgbàlá kọjá, ó gun ẹsẹ̀ bàbá, ó gun orúnkún, ó bo fìlà mọ́lẹ̀. Òjìji ewé ń mì lójú rẹ̀. Kò sá. Ó dijú.

"Ó tutù," ló wí. "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ní ẹnìkejì."

Nírọ̀lẹ́, Dígí gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ lé èjìká, àwọn méjèèjì sì lọ. Kùkùté igi nìkan ló kù nínú oòrùn.